Iná Wo Ni Wọ́n Ń Bèèrè?

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo mọ̀ pé WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń gba oorun lójú rẹ. O sọ fún mi lọ́jọ́sí pé gbogbo Físíìsì ló ń yé ọ, ìmọ́lẹ̀ ń yé ọ, ìró ń yé ọ, àfi ibi tí wọ́n bá ti ya àwòrán bátìrì àti wáyà sórí bébà. O ní bí o bá ti rí i, àyà rẹ á já. Má sunkún mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti dun èmi náà nígbà tí mo wà ní kíláàsì rẹ. Mo há fọ́múlà sórí bí ọmọ ilé-kéú ṣe ń há wàláà, mo lè kà wọ́n tán lójú oorun, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbéèrè dé, mi ò mọ èyí tó yẹ kí n fà yọ nínú wọn.

Inú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Òkè-Àdó níbí ni ojú mi ti là. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo kàn ń gbọ́ ohun táwọn oníbàárà ń sọ. Ọ̀kan wọlé, ó ní, “Àǹtí, ṣé iná wà?” Èkejì fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù, ó ní, “Iná yìí ò mà lágbára.” Ẹ̀kẹta ní áyọ́ọ̀nù mi yóò máa jẹ iná gan-an ni. Ìyá kan bèèrè pé iná mélòó ló kù lórí mítà mi. Nígbà tó yá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí iná gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí Ọlọ́run yọ. Mo dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, iná, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni oníkálukú ní lọ́kàn. Àwa mọ èyí tí a ń sọ nítorí pé a jọ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò ìdánwò kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó ti pín iná sí ọ̀nà márùn-ún, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì ń dúró kí o mọ èyí tí òun ń pè.

Nítorí náà, kí o tó mú kálékulétọ̀, kí o tó kọ fọ́múlà kankan, bi ara rẹ léèrè pé: iná wo ni wọ́n ń bèèrè?

Bí a bá ní iná ò lágbára, fóòtì là ń sọ, V. Òun ni agbára tó ń ti iná láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí láti inú bátìrì. Iná tó gbé ọmọkùnrin yẹn, èyí tó gba ara rẹ̀ kọjá, ámpíà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, I ni lẹ́tà rẹ̀. Ohun tó ń dènà kí iná má ráyè kọjá, óòmù, R. Bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń jẹ iná kíákíá tó, wáàtì, P. Èyí tó kù lórí mítà, tí a ń fowó rà, yúnìtì ni, ìyẹn gbogbo iná tí nǹkan jẹ láti ìgbà tí a ti tàn án títí a fi pa á. Bí o bá ti mọ èyí tí wọ́n fún ọ àti èyí tí wọ́n ń wá, ọ̀nà méjì péré ló sábà máa ń kù. Iná tó ń kọjá ni agbára tó ń tì í, tí o fi ìdènà pín, I = V/R. Òfin tí Georg Ohm, ará Jámánì, gbé jáde lọ́dún 1827 nìyẹn. Wáàtì ni agbára tó ń tì í, tí o sọ di ìlọ́po iná tó ń kọjá, P = IV. Àwọn tó kù tí ẹ ń há sórí, P = I²R àti P = V²/R, ọmọ àwọn méjì yìí ni wọ́n.

Má tijú láti fi Yorùbá ronú sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọmọ tó ń fi èdè ilé ronú kò ní mọ̀wé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ dá wọn lóhùn tipẹ́. Lọ́dún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kọ ìdáhùn rẹ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá ara rẹ sọ ọ́ ní èdè ìyá rẹ.

Ibì kan wà tí èdè àdúgbò lè ti dà ọ́, mo sì fẹ́ kí a dúró níbẹ̀ dáadáa. Bí iná bá dé lálẹ́ tí gílóòbù ń pọ́n wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tó sunkún sùn, kí la máa ń sọ? A ó ní “lò káréǹtì” ni, tàbí “háàfù káréǹtì”. Gbogbo Ìbàdàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀, láti Ọjà'ba dé Mọ́lété. Ní tòdodo, fóòtì ló lọ sílẹ̀. Iná tó ń kọjá náà dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtubọ̀tán ni, kì í ṣe orírun. Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé tó pàdánù máàkì nítorí èyí. Wọ́n fún un ní fóòtì tó rẹlẹ̀, òun rò pé ámpíà ni.

Wá, mú áyọ́ọ̀nù wá. Dorí rẹ̀ kodò, ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 230V, 1000W. Wo bí àlàyé kékeré yìí ti pọ̀ tó. Iná tó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá ni 1000 tí a fi 230 pín, ó jẹ́ ámpíà 4.35. Ìdènà rẹ̀ ni 230 lọ́nà 230, tí a fi 1000 pín. Ìyẹn ni 52,900 lórí 1000, óòmù 52.9. Di nọ́ńbà yẹn mú, nítorí wáyà inú áyọ́ọ̀nù ni, kò mọ̀ bóyá iná dé dáadáa tàbí kò dé dáadáa.

Ní báyìí, lò káréǹtì dé. Ká ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fún wa ní ìdajì péré, fóòtì 115. Wáàtì mélòó ni áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 yìí máa ṣe? Ọ̀pọ̀ ọmọ á sáré kọ 500. Èmi náà kọ ọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n ṣírò ó. Fóòtì 115 tí a fi óòmù 52.9 pín jẹ́ ámpíà 2.17. Ámpíà 2.17 lọ́nà fóòtì 115 jẹ́ wáàtì 250. Ìdajì fóòtì mú wa dé ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì! Agbára tó ń tì í dín kù, iná tó ń kọjá náà sì dín kù, àwọn méjèèjì ló jọ fa wáàtì wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi lè dúró ti áyọ́ọ̀nù náà títí, kí áńkárá onítáàṣì má tọ́. Ìbéèrè yìí máa ń jáde lóríṣiríṣi ọ̀nà. Wọ́n lè ní kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí fóòtì bá di ìlọ́po méjì, ìwọ á sì mọ̀ pé wáàtì á di ìlọ́po mẹ́rin, bí ìdènà ò bá yí padà. Ṣùgbọ́n má fi òfin áyọ́ọ̀nù ṣe ìṣirò fíríìjì o. Mọ́tò ló wà nínú tiẹ̀, ìwà mọ́tò yàtọ̀, bí fóòtì bá lọ sílẹ̀ ó lè máa fa iná jù títí á fi gbóná, tí á sì jó. Pa á bí iná bá rẹlẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ tò-tẹ̀lé-ara àti fara-gbéra, èyí tí ẹ ń pè ní series àti parallel. Ronú ilé tí a ń gbé yìí, pásẹ́èjì gígùn kan láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì. Bí wọ́n bá fi ilẹ̀kùn méjì sí pásẹ́èjì náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé gbọ́dọ̀ gba inú méjèèjì. Iye èèyàn tó kọjá ní ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ náà ló máa kọjá ní èkejì, kò sẹ́ni tó sọnù lójú ọ̀nà. Ìyẹn ni series. Iná kan náà ló ń gba ibi gbogbo kọjá, fóòtì ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn. Jọ̀ọ́, fi èyí sọ́kàn: gílóòbù kì í jẹ ámpíà. Nítorí pé a máa ń sọ pé “ó ń jẹ iná”, ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé gílóòbù àkọ́kọ́ á jẹ nínú ámpíà, ìyókù ni yóò kan èkejì. Rárá. Iye tó wọlé ni iye tó jáde. Agbára tí iná gbé dání ni gílóòbù gbà, tó sọ di ìmọ́lẹ̀ àti ooru.

Fún parallel, rìn lọ sí Liberty Stadium nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn, tí wọ́n ti ń pè ní Obafemi Awolowo Stadium báyìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀, èrò sì kún bámúbámú. Ká ní ẹnubodè kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí fún èrò yẹn, wọn ì bá fún ara wọn pa. Bí o bá ṣí ẹnubodè kejì, kódà kó fún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀nà ṣáà ti pọ̀ sí i, èrò á tètè wọlé. Ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ ìdènà nínú parallel fi máa ń kéré ju èyí tó kéré jù nínú wọn lọ. Bí ìdáhùn rẹ bá tóbi ju ìyẹn, tún un ṣe, o ti ṣìnà.

Mú gílóòbù méjì, óòmù 6 àti óòmù 3, àti bátìrì fóòtì 12. Nínú series, 6 àti 3 jẹ́ 9, iná sì jẹ́ 12 lórí 9, ámpíà 1.33. Óòmù 6 gba fóòtì 8, óòmù 3 gba fóòtì 4, àròpọ̀ wọn 12, ó pé. Nínú parallel, 6 lọ́nà 3 jẹ́ 18, àròpọ̀ wọn 9, 18 lórí 9 jẹ́ óòmù 2. Iná jẹ́ ámpíà 6. Kí o tó sọ pé o ti parí, lọ wò ó ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: óòmù 6 ń gba ámpíà 2, óòmù 3 ń gba 4, àròpọ̀ 6. Máa yẹ ara rẹ wò báyìí bí ìyálọ́jà ṣe ń ka owó lẹ́ẹ̀kejì kó tó dì í sí ìgbátí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi bá mi jiyàn níbí. Ó ní, “Àǹtí, èwo ló máa tàn jù nínú wọn?” Mo ní kó sọ fún mi bóyá series ni tàbí parallel. Ó ní kí ni ìyẹn kàn. A jọ ṣírò ó. Nínú series, óòmù 6 ń jẹ wáàtì 10.67, óòmù 3 ń jẹ 5.33. Nínú parallel, óòmù 6 ń jẹ 24, óòmù 3 ń jẹ 48. Ẹni tó tàn jù lọ́hùn-ún ló ṣókùnkùn jù níhìn-ín! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré lọ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Má dáhùn “èwo ló tàn jù” láìwo bí wọ́n ṣe so wọ́n pọ̀.

Parallel ni gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé wa. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, pípa gílóòbù yàrá kan ni yóò máa pa tẹlifíṣọ̀n yàrá kejì. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ó níbi tó ti lè pani lára, mo sì fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ. Ní àsìkò Iléyá kan tí iṣẹ́ kún ọwọ́ mi, mo ki áyọ́ọ̀nù wáàtì 1000 bọ ẹsiténṣọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ mi ki kẹ́tùlù wáàtì 2000 bọ ọ́ nítorí tíì. Onídìrí ẹ̀gbẹ́ mi bẹ̀bẹ̀ pé kí n jẹ́ kóun fi díráyà wáàtì 1200 sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo gbà. Kò pẹ́ tí òórùn rọ́bà fi gba ṣọ́ọ̀bù, ẹsiténṣọ̀n ti ń yọ́ lórí léèsì ìyàwó. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo tètè pa súwíìsì ìta. Wò ó bí ìṣirò ìdánwò: 1000, 2000 àti 1200 jẹ́ 4200. Fi 230 pín in, ámpíà 18.3. Ámpíà 13 ni wọ́n kọ sára ẹsiténṣọ̀n náà. Ó ti wà lára rẹ̀ látọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò kà á rí. Ní gbogbo ìgbà tí o bá tún ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, ẹnubodè tuntun lo ṣí yẹn, ìdènà lápapọ̀ ń dín kù, iná tó ń gba wáyà kan ṣoṣo wá láti ara ògiri ń pọ̀ sí i. Ooru wáyà ni I²R: ìlọ́po méjì iná, ìlọ́po mẹ́rin ooru. Ìdí kan náà ni wọ́n fi ń gbé iná láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Kainji wá lórí wáyà ńláńlá ní fóòtì 330,000, kí ámpíà lè kéré, kí wáyà má baà fi iná ṣe ooru lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yúnìtì kò le. Wáàtì lọ́nà wákàtí, fi 1000 pín in. Áyọ́ọ̀nù wa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìdajì yúnìtì. Gílóòbù àtijọ́ wáàtì 60 mẹ́rin fún wákàtí márùn-ún jẹ́ yúnìtì 1.2, LED wáàtì 9 mẹ́rin fún wákàtí kan náà jẹ́ 0.18. Nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kéde ₦225 fún yúnìtì kan ní 3 April 2024 fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́, ₦270 ni alẹ́ kan ti gílóòbù àtijọ́ yẹn, ₦40.50 sì ni ti LED. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn ìyẹn, fi èyí tó wà lórí rìsíìtì tiyín ṣe é. Ohun tó ń mú ọmọ ṣìnà ni pé ìwé lè bèèrè joule dípò yúnìtì. Nígbà náà, ìṣẹ́jú-àáyá ni kí o lò, kì í ṣe wákàtí. Yúnìtì kan jẹ́ joule 3,600,000. Bákan náà, bí wọ́n bá kọ mA, fi 1000 pín in kó tó wọ fọ́múlà.

Ìdènà inú bátìrì, r kékeré, ló kù. Alábàárù ni kí o fi rò ó. O fún un ní ẹrù láti Ọjà'ba, ó sì ń yọ owó tirẹ̀ lára ohun tó ń gbé kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Bátìrì fóòtì 1.5, r rẹ̀ 0.5, ìdènà ìta 2.5. Àpapọ̀ 3, iná ámpíà 0.5. Bátìrì yọ 0.5 lọ́nà 0.5, ìyẹn fóòtì 0.25. Fóòtì 1.25 ló dé ìta. Bí iná tó ń kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni alábàárù ṣe ń yọ tó.

Mo sì fẹ́ kí o gbọ́ èyí kí o tó dìde, nítorí ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ àdúgbò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ara tiwa náà ní R. Nígbà tí awọ ara bá gbẹ, ó lè tó óòmù 100,000. Bó bá tutù, ó lè já wá sí 1,000. Fi óòmù kọ̀ọ̀kan pín fóòtì 230. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ámpíà 0.0023, ó lè kàn ta ọ́ lọ́wọ́. Ti èkejì jẹ́ 0.23, ó lè pa èèyàn. Fọ́múlà kan náà tó wà nínú ìwé rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Nu ọwọ́ rẹ gbẹ kí o tó fọwọ́ kan súwíìsì, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ aṣọ lórí ilẹ̀ tó tutù láìwọ bàtà.

Lálẹ́ òní, bí o bá délé, dorí kẹ́tùlù yín kodò, ka fóòtì àti wáàtì rẹ̀, kí o wá R rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà, ká ní fóòtì 180 ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáàtì mélòó ló kù? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Máa kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ iná tí mo ń bèèrè, kí o tó kọ nọ́ńbà.